Bí A Ṣe Ń Yan Dráyà Tó Mọ Ìgbà Tí Aṣọ Gbẹ

Ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta mọ ohun tí mò ń sọ. Oòrùn kò sí. Aṣọ tí èèyàn sá sórí okùn láàárọ̀ á tún tutù ju bó ṣe wà lọ nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́. Là ń kó o wọlé, à ń sá a sórí àga, sórí ilẹ̀kùn, sórí irin tó ń mú ilé móoru. Omi inú aṣọ yẹn kò sì lọ síbì kankan, ara ògiri ló ń lọ lẹ̀ mọ́. Nínú yàrá àwọn ọmọ mi ní Manchester, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni àbàwọ́n dúdú ti kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé. Ohun tó gbé mi dé ìdí dráyà, ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ, nìyẹn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, aago nìkan ló ní. Èèyàn á yí bọ́tìnnì rẹ̀ sí 60 tàbí 90 ìṣẹ́jú, á sì máa gbóná títí àkókò náà á fi pé, ì báà jẹ́ pé aṣọ ti gbẹ tipẹ́. Lọ́jọ́ kan mo kó súwẹ́tà ilé-ìwé ọmọ mi àti ìró àdìrẹ kan tí ìyá mi fún mi pọ̀ mọ́ tówẹ̀lì. Nígbà tí mo ṣí i, súwẹ́tà náà ti ṣúnkì débi pé ọmọ kò lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kọjá ìgbọ̀nwọ́. Àdìrẹ náà le gbagidi bí awọ, etí rẹ̀ ti wọ́, aró rẹ̀ sì ti ràn mọ́ tówẹ̀lì funfun. Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mo sunkún. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Kò ní ohun tó lè fi mọ̀ pé aṣọ ti gbẹ, kò sì sí ibi tí mo ti lè dín ooru rẹ̀ kù.

Ohun méjì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbájú mọ́ ju gbogbo ohun tí wọ́n bá ń polówó fún yín lọ: sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ iye omi tó kù nínú aṣọ, àti ooru tí ẹ̀yin fúnra yín lè fi kún tàbí kí ẹ dín kù.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ tú aṣọ yín wò

Kí ẹ tó wo ẹ̀rọ kankan, ẹ kó gbogbo aṣọ tí ẹ fọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan jọ, kí ẹ wo àmì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì dráyà ni igun mẹ́rin tí róbótó wà nínú rẹ̀. Bí dọ́ọ̀tì kan bá wà láàárín róbótó náà, ooru kékeré ni. Bó bá jẹ́ méjì, ooru tí a ń lò déédéé ni. Bí wọ́n bá fi ìlà méjì dá a kọjá, aṣọ náà kò gbọdọ̀ dé inú dráyà.

Aṣọ tiwa kì í sábà ní àmì kankan, torí náà ojú àti ọwọ́ la máa fi mọ̀ ọ́n. Aṣọ òkè, ẹ má dábàá rẹ̀ rárá. Òwú rẹ̀ á kákò, fọ́nrán dídán inú rẹ̀ kò sì fẹ́ iná. Gèlè, léèsì olókùúta àti ṣẹ́dà, ẹ sá wọn sínú afẹ́fẹ́. Ankara tó jẹ́ òwú gidi lè wọ dráyà, àmọ́ kó jẹ́ ooru kékeré, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tó ṣì rin díẹ̀, kó lè rọrùn láti lọ̀. Àdìrẹ tí aró rẹ̀ ṣì ń jáde, okùn ni ibi tirẹ̀. Èmi ti jìyà ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun tó pọ̀ jù nínú ẹrù yín. Ẹni tó jẹ́ pé tówẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti aṣọ abẹ́ ló ń fọ̀ lè fara da ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ kò ní ìpele púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta tó ń wọ súwẹ́tà àti ṣòkòtò pólísítà lọ síléèwé, bọ́tìnnì ooru kékeré kì í ṣe àfikún fún un. Òun gan-an ni ìdí tó fi yẹ kó náwó.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú dráyà mẹ́ta, àti owó iná

Àkọ́kọ́ ní páìpù ńlá tó ń gbé ooru olómi jáde síta láti ojú fèrèsé tàbí ihò ara ògiri. Vented ni orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí lánlọ́ọ̀dù kò bá ní jẹ́ kí ẹ lu ògiri, ẹ fi í sílẹ̀. Èkejì ni condenser, tó ń sọ ooru náà di omi padà sínú ike kan tí ẹ ó máa yọ dànù. Ẹ̀kẹta ni heat pump. Bí fíríìjì ṣe ń ṣiṣẹ́ lòun náà ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ń gba ooru padà lára afẹ́fẹ́ tó ti inú aṣọ jáde, ó sì tún ń lò ó, dípò kó máa fi iná mànàmáná dá ooru tuntun ní gbogbo ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Condenser tó gba kílò 8 lè jẹ yúníìtì iná (kWh) 4.5 bí ẹrù òwú bá kún un. Heat pump tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ bíi yúníìtì 2. Ká ní pẹ́nì 25 ni wọ́n ń ta yúníìtì kan, tí ẹ sì ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìgbà 156 nìyẹn lọ́dún. Heat pump á gba pọ́ùn 78, condenser á gba pọ́ùn 175.50. Bí heat pump bá fi pọ́ùn 200 wọ́n jù ú lọ ní ṣọ́ọ̀bù, ọdún méjì ó lé díẹ̀ ló máa fi dá owó náà padà fún yín. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta yúníìtì fún ẹ̀yin gan-an sí i, kí ẹ tún un ṣírò.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, ọ̀rọ̀ yìí ti tán. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2025, òfin wọn lórí iná mànàmáná ti le débi pé heat pump nìkan ni dráyà tuntun tó lè yege. Àwọn ará wa ní Ireland, Jámánì àti Ítálì, èyí tí ẹ ó bá lórí àtẹ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì o: ti àtijọ́ ń lọ láti A+++ dé D, ti tuntun ń lọ láti A dé G. Lẹ́tà A lórí lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú A lórí ti tuntun. Iye yúníìtì tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí ẹ kà, àmọ́ ẹ rántí pé ti ọdún kan ni wọ́n kọ sára ti àtijọ́, ti ìgbà 100 tí a bá lò ó ni wọ́n kọ sára ti tuntun.

Heat pump ní àléébù tirẹ̀. Kì í yára: ohun tí condenser máa fi wákàtí kan àtààbọ̀ ṣe, òun lè fi wákàtí méjì àtààbọ̀ tàbí mẹ́ta ṣe é. Kò sì fẹ́ òtútù. Bó bá jẹ́ inú gàrááàjì tàbí ṣẹ́ẹ̀dì lẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń kọ ọ́ pé ibi tó bá tutù ju 5°C lọ kò dára fún un. Síbẹ̀, òun ni mo fara mọ́ fún ilé tí ọmọ wà, torí ooru rẹ̀ ti rọlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ láti ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ náà

Ẹ má ra dráyà tí ẹ kò tíì ki ọwọ́ bọ̀, bí ẹ bá lè dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ọwọ́ sí ètè ẹnu àgbá tó ń yí aṣọ nínú lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí asẹ́ tó ń gba òwú wẹ́wẹ́ wà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó ń dán, tó tutù sí ìka. Sẹ́ńsọ̀ náà nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń fi tiwọn síbòmíràn nínú àgbá; ẹ ní kí ẹni tó ń tajà fi hàn yín.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Omi ń gbé iná. Bí aṣọ tó rin bá ń yí, tó ń kan irin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná kékeré tí kò lè pa kòkòrò á gba ara aṣọ náà kọjá láti ọ̀dọ̀ ìkíní sí èkejì. Bí omi ṣe ń tán lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń kọjá ń dín kù. Nígbà tó bá dín dé ibi tí ẹ ti yàn, ẹ̀rọ á pa ooru, á máa fi afẹ́fẹ́ tútù yí aṣọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì dúró.

Irú mìíràn wà tí wọ́n tún ń pè ní automatic, àmọ́ tí kò ní irin méjì yìí. Ooru afẹ́fẹ́ tó ń jáde ló ń wò. Bí aṣọ ṣe ń gbẹ ni afẹ́fẹ́ náà ń gbóná sí i, ìyẹn ni ẹ̀rọ sì fi ń méfò. Ó sàn ju aago lásán lọ. Ṣùgbọ́n bí ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá bá ti gbẹ tí ṣòkòtò jíǹsì kan ṣì tutù nídìí, kò lè mọ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí mo fi ń tọ àwọn òǹtajà lọ fi kúrú: ṣé omi ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń wò, àbí ooru? Bí ẹni náà bá ń kólòlò, ẹ ní kó ṣí ìwé ìlò rẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìpele gbígbẹ tó wà lójú ẹ̀rọ. Iron Dry túmọ̀ sí pé aṣọ á ṣì rin díẹ̀, kó lè gba áyọ́ọ̀nù dáadáa. Ibẹ̀ ni ankara àti ṣẹ́ẹ̀tì ń lọ. Cupboard Dry túmọ̀ sí pé ó ti gbẹ, ẹ lè ká a sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Extra Dry wà fún tówẹ̀lì àti jíǹsì tó nípọn. Ẹ̀rọ tó bá ní mẹ́ta yìí ti tó. Èyí tó bá tún jẹ́ kí ẹ sún ìpele kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn díẹ̀, kó sì rántí rẹ̀ títí lọ, òun ni kí ẹ gbé.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham ra irú dráyà tèmi gẹ́lẹ́. Tèmi ń dúró kí aṣọ tó gbẹ tán, tirẹ̀ ń gbẹ aṣọ kọjá ààlà. A rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì ti bàjẹ́ ni. Omi ló yàtọ̀. Omi London jẹ́ omi líle, èyí tó ń fi nǹkan funfun sí ìdí kẹ́tùlù; ohun tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ kó gbé iná dáadáa, ẹ̀rọ á sì rò pé aṣọ ṣì rin. Omi Manchester rọ̀, kì í gbé iná tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á rò pé aṣọ ti gbẹ. Àwọn dráyà kan ní ibi tí èèyàn ti ń tún èyí ṣe, nínú ìwé ìlò ni wọ́n ti ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dín tirẹ̀ kù ní ìpele kan, èmi fi ìpele kan kún tèmi, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun kan kù nípa sẹ́ńsọ̀: kò lè mọ aṣọ tí kò kàn án. Bí ẹ bá ju ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sínú àgbá ńlá, wọn kò ní kan irin náà tó, ẹ̀rọ á sì dúró lójijì. Fún irú ẹrù kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ lo aago, ìṣẹ́jú 20 tàbí 30 pẹ̀lú ooru kékeré.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé ooru náà dá dúró lóòótọ́?

Ibí ni wọ́n ti máa ń fi ọ̀rọ̀ dídùn mú èèyàn. Àpótí dráyà lè kọ ọ́ pé ó ní ètò 15. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ètò kọ̀ọ̀kan ti ní ooru tirẹ̀ tí wọ́n ti dì mọ́ ọn, ẹ̀yin kò lè yí i padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìpele Iron Dry gbẹ aṣọ òwú, àmọ́ pẹ̀lú ooru kékeré, ẹ̀rọ náà lè ní kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n bá ti so iná mọ́ ọn. Ẹ yan ètò Cottons. Ẹ yan Iron Dry. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Low Heat tàbí Gentle sí. Bí iná rẹ̀ bá tàn, tí Iron Dry náà kò sì kú, ooru àti ìpele gbígbẹ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ni kí ẹ rà. Bí ọ̀kan bá pa èkejì, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà, ó rọrùn fún yín níbí, torí ọ̀pọ̀ dráyà ọ̀hún ló kọ High, Medium, Low àti Extra Low sójú rẹ̀, tí ìpele gbígbẹ sì wà lọ́tọ̀. Ohun tí ẹ ó wò ni sọ́kẹ́ẹ̀tì: èyí tó ń lo iná máa ń fẹ́ ojú iná 240V tirẹ̀, àwọn kan sì ń lo gáàsì. Páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ kó jẹ́ irin, kì í ṣe rọ́bà tó ń ká, torí òwú wẹ́wẹ́ máa ń há sínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwọ̀n, àyè, àti tokunbọ̀

Kílò tí wọ́n kọ sí i jẹ́ ti aṣọ òwú gbígbẹ. Kílò 7 tàbí 8 tó ìdílé ẹni mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pólísítà, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa kó sí i. Ẹ wọn àyè yín pẹ̀lú téèpù, kí ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń fẹ́ èémí àti ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lé orí ẹ̀rọ ìfọṣọ, irin ìdè tí wọ́n ṣe fún un wà, ẹ má kàn gbé e lé e lórí. Kí ẹ tó kó aṣọ sí dráyà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọṣọ fún un dáadáa, ní 1400 (iye ìgbà tí àgbá rẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan) bí aṣọ náà bá lè gbà á. Omi tí ìfúnṣọ bá ti lé jáde, iná kò ní náwó lé e mọ́.

Tokunbọ̀ ńkọ́? Mi ò ní kí ẹ má rà á, ṣùgbọ́n ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò kí ẹ tó gbé e wọlé. Ní 2019, wọ́n pe àwọn dráyà kan padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára èyí tí Whirlpool ṣe láàárín oṣù Kẹrin 2004 sí oṣù Kẹsàn-án 2015, tí wọ́n tà lábẹ́ orúkọ Hotpoint, Indesit, Creda, Swan àti Proline, torí òwú wẹ́wẹ́ lè dé ibi irin tó ń gbóná, kó sì gbiná. Irú wọn ṣì lè wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù àlòkù.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, kó rà á láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò Amẹ́ríkà. Iná 230V, 50Hz àti púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin kan náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60Hz. Kó sì jẹ́ heat pump. Condenser lè fa wáàtì 2,500 lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré á kú sí i lọ́wọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ heat pump kì í fa tó 1,000.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oṣù kìn-ín-ní nínú ilé

Bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ gbé heat pump dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ gbé e nàró fún ìwọ̀n wákàtí tí ìwé rẹ̀ bá sọ kí ẹ tó tan án. Ara ògiri ni kí ẹ ti so ó mọ́ná, ẹ má fi ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n sí i.

Ẹ kó òwú wẹ́wẹ́ kúrò nínú asẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Òwú tó bá gbá jọ síbẹ̀ ń dí èémí ẹ̀rọ lọ́wọ́, iná sì ń tara rẹ̀ ràn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi òwú àti fínígà funfun nu irin méjì sẹ́ńsọ̀ náà. Ohun olóòórùn dídùn tí a ń fi rọ aṣọ máa ń fi awọ tí kò hàn sójú bò ó. Bí dráyà bá bẹ̀rẹ̀ sí dúró kí aṣọ tó gbẹ, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín, torí àwa gan-an ló kàn. Tówẹ̀lì tí ẹ fi nu ọmọ tí ẹ fi òrí tàbí àdí para fún, aṣọ ìnuwọ́ kíṣìnnì tí epo pupa ti wọ̀, kò yẹ kó wọ dráyà bí epo náà bá ṣì wà lára rẹ̀. Ọṣẹ lásán kì í yọ gbogbo epo. Epo tó bá gbóná láàárín aṣọ tí a ká jọ lè máa gbóná sí i fúnra rẹ̀ títí tó fi máa gbiná, àní lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dúró. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ púpọ̀ tún un fọ̀, kí ẹ sì sá a. Ẹ má dá ẹ̀rọ dúró láàárín méjì kó tó fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù tán, ẹ má sì tan án kí ẹ lọ sùn.

Ìdánwò kan ṣoṣo ni mo fi ń mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ ń ṣòótọ́. Ẹ gbé tówẹ̀lì márùn-ún tó ti gbẹ dáadáa sórí ìwọ̀n kíṣìnnì, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ fún wọn, ẹ kó wọn sí dráyà lórí Cupboard Dry, kí ẹ tún wọ̀n wọ́n. Bí wọ́n bá wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ẹ fi ìpele kan kún un. Bí wọ́n bá fúyẹ́ jù ú lọ, tí wọ́n sì ń ha ara, ẹ dín in kù. Bí kò bá gbọ́ràn lẹ́yìn tí ẹ ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ẹ sì ti nu irin rẹ̀, àléébù ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2015 (Consumer Rights Act) fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó ní àléébù padà kí ẹ gba gbogbo owó yín. Bó bá sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà á, ẹ ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tó dé láti sọ pé ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́, láìṣàlàyé. Torí náà, ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni kí ẹ ti gbé tówẹ̀lì sórí ìwọ̀n, kí rìsíìtì sì wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o.